Wásinmi Méjì: Bí Ojú Irin Ṣe Fo Ìkirè àti Àpòmù Kọjá

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kò lè ṣàì kọjá ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù. Ibẹ̀ ni Wásinmi wà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítòsí títì márosẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀ tọ̀sán-tòru. Orúkọ ìlú náà kò nílò àlàyé: ẹni tó rìn jìnnà, kó wá sinmi. Ojú ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ti ń ta dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà, tí wọ́n gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n wá fi epo pupa dín títí tó fi ń dúdú. Awakọ̀ á dúró, èrò á na owó láti ojú fèrèsé, ọjà á tà. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò gbọ́ rí lágbègbè náà ni fèrè ọkọ̀ ojú irin.

Síbẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ Wásinmi fún àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè rí, ibòmíràn ló máa wá sí i lọ́kàn. Wásinmi ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló máa rántí, èyí tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò, Ìpínlẹ̀ Ògùn, lójú irin tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta. Abúlé àti ìlú tó ń jẹ́ orúkọ yìí pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, torí pé ibi gbogbo ló ti ń rẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjì tí à ń wí yìí, ọ̀kan rí téṣàn rélùwéè, ìkejì kò rí ju títì lọ. Kì í ṣe àyànmọ́ ló pín wọn níyà bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn kan ló jókòó, tí wọ́n fa ìlà sórí máàpù, tí ìlà náà sì gba ibi tó wù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni òfin Nàìjíríà ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe ojú irin tiwọn. Àwọn ìlú tí ojú irin fò kọjá láyé òyìnbó lè wá béèrè lónìí pé ìgbà wo ló máa kàn wọ́n. Kí wọ́n tó béèrè, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìlú kéékèèké tó ti rí tiwọn gbà.

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó, l'Ékòó. Irin méjì tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì mẹ́fà jìnnà síra wọn, ìwọ̀n yẹn náà sì ni gbogbo ojú irin àtijọ́ nílẹ̀ wa ń lò títí dòní. Ó gba Agége, ó gba Ìfọ̀, ó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó sì dé Ìbàdàn ní oṣù kejìlá ọdún 1900. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1901 ni Gómìnà William MacGregor ṣí i fún aráyé.

Nígbà náà, Ẹ̀gbá ṣì ń dá ìjọba ara wọn ṣe. Àdéhùn ni òyìnbó bá wọn ṣe kí irin tó lè gba orí ilẹ̀ wọn. Ojú irin náà kò sì wọ àárín ìlú Abẹ́òkúta. Arò ló gbà, níbi tí afárá ti kọjá lórí odò Ògùn, wọ́n wá ya ẹ̀ka kékeré kan tí kò tó máìlì méjì láti ibẹ̀ wọ ìlú. Ẹ̀ka tó kúrú báyìí pọ̀ láyé ìgbà náà. Èkó pàápàá ní ọ̀kan: ní ọdún 1902, ọkọ̀ irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Ìdó gba orí afárá Carter wọ erékùṣù Èkó, kí ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ńlá má baà fẹsẹ̀ rìn dé Marina. Kò pé ọdún 12 tí èrò fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Láti ìparí 1913, kò kó èrò mọ́. Àgbépòó ló gba ojú irin náà lọ́wọ́ èrò, ìgbẹ́ ìlú ni wọ́n sì ń fi ọkọ̀ náà kó lọ dà sínú omi títí di ọdún 1933. Ẹni bá fẹ́ mọ bí ògo ọkọ̀ ojú irin kékeré ṣe máa ń parí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Láti Ìbàdàn, ibo ni kí irin gbà? Ìbéèrè yìí ló pinnu ọ̀rọ̀ Ìkirè, Àpòmù àti Wásinmi. Odò Ọya ni òyìnbó ń wò, àti ilẹ̀ Haúsá tó wà lódì kejì rẹ̀. Òwú náà wà lọ́kàn wọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Cotton Growing Association, ń wá òwú tí wọ́n máa kó lọ fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Lancashire, wọ́n sì gbà pé àríwá ni òwú wà. Nítorí náà, irin kò yà sí ọ̀tún. Ó gba Láàlúpọ̀n, Ìwó àti Ẹdẹ, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Ìkirè, Àpòmù, Gbọ̀ngán àti Ilé-Ifẹ̀ wà lápá gúúsù ìlà náà. Láti Ìkirè dé Ìwó, bí ẹyẹ bá fò tààrà, kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ru ẹrù sórí, ọ̀nà jíjìn ni.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dun àgbà ni irú ìlú tí Àpòmù jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí òyìnbó tó dé rárá, ojúkò ọjà ni. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń ti òkè bọ̀, àwọn Ifẹ̀, àwọn Òwu àti àwọn Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ọjà náà lókìkí débi pé ìjínigbé tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń mú àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ tà lẹ́rú, wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821. Ogun yẹn ló tú Òwu ká, òun náà ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ogun tó tẹ̀lé e, títí ilẹ̀ Yorùbá fi dàrú. Ìlú tí gbogbo ọ̀nà ń lọ bá láyé ìgbà náà wá di ibi tí ọ̀nà irin kò yà sí.

Àwọn ìlú tó rí irin kò fi ṣeré. Òṣogbo ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ilé ìtajà àwọn òyìnbó tẹ̀lé irin débẹ̀, ìlú náà sì di ibi tí wọ́n ti ń kó ọjà lọ sí Èkó, tí wọ́n sì ti ń pín ọjà òyìnbó káàkiri. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí kò ní téṣàn nílé ara wọn ń wá gba aṣọ l'Óṣogbo, wọ́n ń gbé e lọ ta láwìn lọ́nà jíjìn, wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi san owó. Báyìí ni a ṣe mọ orúkọ òṣómàáló. Bí a bá wò ó dáadáa, ìlú tí ojú irin fò kọjá lè jẹ nínú rẹ̀, bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá lè rìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ayọ̀ nìkan ni rélùwéè ń bá wọ̀lú. Wásinmi tó rí téṣàn, ìyẹn ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, rí nǹkan tí Wásinmi ẹ̀bá Ìkirè kò rí. Ní ọdún 1914, ìjọba òyìnbó gba òmìnira kúrò lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé owó orí dé, tí wọ́n tún fi ń lé àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìsan owó fún wọn. Ìbínú ń ga sí i. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1918, ó bú jáde, ohun tí ìtàn ń pè ní ogun Adùbí. Ojú irin ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọ́kọ́ kọjú sí. Wọ́n hú irin ní Agbésì, ọkọ̀ kan sì yà kúrò lójú irin. Wọ́n já wáyà tẹlígíráàmù. Ní Wásinmi, wọ́n wó téṣàn palẹ̀, òyìnbó oníṣòwò kan sì kú níbẹ̀. Láàárín rògbòdìyàn yẹn náà ni wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà.

Kí ló dé tó jẹ́ téṣàn ni wọ́n wó? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Lójú àgbẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀nà tí kòkó rẹ̀ ń gbà lọ ni ọ̀nà tí sójà máa gbà wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí: àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba kó wá. Kó tó di àárín oṣù keje, wọ́n ti tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì ti kú. Wọ́n tún irin ṣe, ọkọ̀ tún ń kọjá.

Ìlú kékeré tó wá fi hàn wá jù lọ bí ojú irin kúkúrú ṣe ń gbé tó sì ń kú ni Ìlaròó, olú ìlú àwọn Yewa tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà. Ìfọ̀ ni irin ti yà. Ó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, ó rin nǹkan bí 20 kìlómítà dé Ìlaròó, ó tún lọ síwájú díẹ̀ dé Ìdógò, ó sì parí síbẹ̀. Ọdún 1930 ni ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò lọ sí odò Ọya, kò lọ sí Kánò, kò sì ní ibòmíràn tó ń lọ ju oko kòkó, oko obì àti igbó ọ̀pẹ àwọn Yewa lọ. Orí irin rẹ̀ ni kòkó, epo àti ẹkùrọ́ wọn ń gbà dé Ìfọ̀, kí ọkọ̀ gúùdù ńlá tó gbé wọn lọ sí Èkó.

Ó ṣòro láti wo ìlà náà lórí máàpù kí ojú má lọ sí òdìkejì bodè. Lábẹ́ ìjọba Faransé, àwọn náà ti tẹ́ ojú irin kúkúrú tiwọn láti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, gba Ṣákẹ́tẹ́ dé Ìpòbẹ́, tí ó débẹ̀ ní ọdún 1913. Yorùbá ló wà níbẹ̀, Yorùbá ló wà níbí. Irin òyìnbó kan ń fa ẹkùrọ́ lọ sí Àjàṣẹ́, ti ìkejì ń fà á lọ sí Èkó, ìbátan kan náà ló sì wà lẹ́yìn bodè méjèèjì.

Àkókò tí Ìlaròó rí irin gan-an ni wàhálà wà. Lọ́rì ti dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún 1906 ni mọ́tò ti ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba ti ń wá oríṣiríṣi ọ̀nà láti dín lọ́rì kù kí rélùwéè lè rí owó pa, ìyẹn rélùwéè tó jẹ́ ti ìjọba fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tó bá ti ru àpò kòkó rí. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ lo ojú irin, yóò di ẹrù rẹ̀ láti oko dé téṣàn, wọ́n á tún un dì sínú ọkọ̀, yóò dúró ní Ìfọ̀ títí wọn yóò fi so ó mọ́ ọkọ̀ ńlá, bó bá sì dé Èkó, wọ́n á tún un sọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tó ń lọ. Owó alábàárù ń gorí owó alábàárù. Ṣùgbọ́n lọ́rì wá bá a létí oko, ó sì lọ tààrà sí ilé ìtajà. Bí owó ọkọ̀ lọ́rì bá tilẹ̀ ju ti irin lọ, àgbẹ̀ tó mọ ìṣirò mọ èyí tó yẹ kó mú.

Ọ̀nà tó jìn ni irin ti ń borí lọ́rì. Ẹ̀pà tó ń ti Kánò bọ̀ lè fara da kí wọ́n dì í lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé èrè wà nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì tó máa rìn. Àpò kòkó tí kò rìn ju láti Ìlaròó dé Èkó lọ kò lè fara dà á. Ibi tí bàtà ti ta ẹ̀ka kúkúrú lẹ́sẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ojú irin ìlú kéékèèké ló kọ́kọ́ kú nígbà tí mọ́tò gbòde. Àwọn tó là á já níbẹ̀ sábà máa ń ní oníbàárà ńlá kan, bí ibi ìwakùsà tàbí ilé iṣẹ́ ńlá, tí ẹrù rẹ̀ wúwo, tí kì í sì tán.

Nígbà tí ọdún ń lọ, gbogbo rélùwéè Nàìjíríà ló wá ń ṣàìsàn, kì í ṣe ẹ̀ka nìkan. Nigerian Railway Corporation tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955 bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbèsè, títí ó fi di pé ní ọdún 1988 ó kéde pé òun kò lè san gbèsè mọ́, ọkọ̀ ojú irin sì dúró fún oṣù mẹ́fà gbáko. Bí igi ńlá bá wó, kí ni ẹ̀ka máa ṣe? Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá tí ọkọ̀ kò ti rin láàárín Ìfọ̀ àti Ìdógò mọ́. Ojú irin ńlá tuntun tó ti Èkó dé Ìbàdàn, tó gùn tó 157 kìlómítà, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021, ní téṣàn ní Pápáláńtó àti ní Abẹ́òkúta. Kò ní ẹ̀ka tó yà sí Ìlaròó.

Àwọn ará Ọ̀ṣun tún fojú ara wọn rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí fún ẹni tí irin fò kọjá. Nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, láàárín 2010 sí 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ náà a máa gba ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó dé Òṣogbo fún àwọn tó ń bọ̀ wálé ọdún Iléyá àti Kérésìmesì. Ẹni tó ń lọ sí Ìwó tàbí Ẹdẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkirè tàbí Àpòmù tó bá wọ ọkọ̀ kan náà ní láti sọ̀ sí Ìbàdàn tàbí Ìwó, kó tún sanwó mọ́tò wálé. Owó ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n fi gba ọkọ̀ náà o.

Ìdí nìyẹn tí òfin 2023 fi yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa. Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ní àṣẹ lórí ojú irin. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 2023, Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tó gbé ojú irin sínú ohun tí ìpínlẹ̀ náà lè ṣòfin lé lórí. Èkó tilẹ̀ ti ń kọ́ tirẹ̀ bọ̀ kí òfin tó dé: ọkọ̀ ojú irin tó ti Marina lọ sí Mile 2, tó gùn tó 13 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èyí tó ti Agbádó lọ sí Oyíngbò sì tẹ̀lé e ní 2024. Ṣùgbọ́n èrò ni Èkó ń gbé, èrò rẹpẹtẹ, láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn tó ń gun ọkọ̀ láti Wásinmi lọ sí Ìbàdàn kò tó ìdá kan nínú ìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá dábàá ẹ̀ka kan láti Ìwó sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìkirè àti Àpòmù, gígùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ìfọ̀ sí Ìdógò mu. Ìkirè ní kòkó, ó ní epo, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbàgùúdá, ó sì ní títì tó gbé gbogbo rẹ̀ dé Ìbàdàn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹrù wo ló kù tí lọ́rì kò lè gbé? Ta ló máa dì í sínú ọkọ̀ irin lójoojúmọ́, lọ́dún dé ọdún, tí kò ní sá padà sí títì? Wọn kò bi ará Ìlaròó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1930. Òyìnbó ló fa ìlà, òyìnbó ló mọ iye tó ń wá. Bí ó bá kan Ọ̀ṣun, àwọn tó ń gbé etí títì náà, látorí àgbẹ̀ dé orí onídòdò, ló máa san owó irin náà nínú owó orí wọn, àwọn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí ìṣirò rẹ̀.